Ìyàwó Mẹ́rin, Ilẹ̀kùn Mẹ́rin

Nínú takisí Ọ̀tùn, mo jókòó sáàárín ọkùnrin kan àti ọbàkan rẹ̀ obìnrin, wọ́n ń jà lórí Kádíláàkì bàbá wọn tó ti kú, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé bí iwájú rẹ̀ bá wọ Ọ̀tùn, ìdí rẹ̀ ṣì wà ní Ìdó.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kí ẹ tú mọ́tò Alájì?"

"Ìdí igi la fi pín in. Ìyàwó mẹ́rin, ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ti ìyá rẹ wà lẹ́yìn ulé."

"Kí n gbé ilẹ̀kùn kọ́rùn lọ sọ́jà? Ṣé ẹran Iléyá ni, tí ẹ fi gé e?"

"Kí ẹnì kan má baà dá a jẹ ni."

"Nínú ulé yẹn, kálukú ń jẹun ní yàrá ìyá rẹ̀. Inú mọ́tò yẹn nìkan la ti jẹ́ ọmọ bàbá kan."