Àjàní Dọ̀bálẹ̀ fún Mi ní Kọ̀rọ̀

Ọkùnrin tí mo fi pamọ́ sínú ilé mi ti di aṣòfin ní Norway, ó sì ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n ló tọ́ sí irú mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ, ara mi ò balẹ̀.

Àjàní ni mò ń pè é. Yunifásítì ló gbé e wá sí Turin ní Ítálì, níbi tí mò ń gbé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìsẹ́yìn, òun ló bẹ̀ mí pé kí n máa bá òun wo ọmọ òun. Nígbà tí permesso rẹ̀, ìwé ìgbélùú, tán, tí wọn kò fún un ní òmíràn, ṣé kí n tì í síta ni? Mo fi í sí yàrá àwọn ọmọ mi ní Moncalieri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin. Onílé gbọ́, ó lé gbogbo wa jáde, èmi àtàwọn ọmọ lọ há mọ́ yàrá kan nílé ọ̀rẹ́ ní Novara. Àjàní sunkún lọ́jọ́ náà, ó ní òun máa di lọ́yà, ẹjọ́ irú wa lòun ó máa rò. Ó gba Norway lọ, ó fẹ́yàwó, ó ka òfin, ó sì gbèjà àwọn aláìníwèé lóòótọ́. Mo fi í yangàn! Ìgbà tó wọ òṣèlú ni ahọ́n rẹ̀ yí. Ọmọbìnrin mi ló fi fídíò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ẹni tó bá gba aláìníwèé sílé, ọ̀daràn ni. Ọmọ náà fi èdè Ítálì bi mí bóyá òun náà kọ́ nìyí: "Mamma, ma è lui?" Mo ní òun ni.

Nígbà tó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀ ní Padua, ní Ítálì níbí, mo wọkọ̀ ojú irin lọ bá a. Lójú èrò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó pè mí ní Signora bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Èmi! Mo bínú jáde. Ó sáré tẹ̀ lé mi dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, Mà. Ìbò ni mò ń wá."

Mo ní, "Dìde, kóòtù rẹ ń bá wọn nulẹ̀."

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Èyí dúpẹ́, àmọ́ ó kọ́kọ́ wò bóyá ẹnìkan ń rí òun. Èwo ló burú jù?

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un. Òun ni kó fèsì, níta gbangba: Àjàní, bí ọlọ́pàá bá dé, ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, èmi tí mo ṣílẹ̀kùn ni, àbí ìwọ tó o wọlé?