Fírísà Tó Gbóná Bí Ààrò, àti Ẹja Ìkórè Wa

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí Olúwa kí n tó kí ẹnikẹ́ni. Ọba tí kì í mú iná lọ, mo dúpẹ́ o! Ká ní kò dá sí ọ̀rọ̀ yìí ni, òórùn ni ì bá máa jẹ́rìí níbí lónìí, kì í ṣe èmi. Ẹ pariwo halelúyà fún un!

Ẹ mọ̀ pé ilé wa ní Sùúrùlérè ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá kó ẹja ìkórè òní pamọ́ sí. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ̀dé, ló lọ rà á ní Èbúté-Mẹ́ta, páálí lórí páálí. Fírísà wa kún débi pé èmi ni mo jókòó lé ìdérí rẹ̀ kó tó lè dé. Inú obìnrin náà dùn, torí kò sígbà kankan rí tí wọ́n fi ẹja ìjọ sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe mú iná lọ nìyẹn. A ṣe ohun tí gbogbo yín máa ń ṣe: a kó aṣọ bo fírísà kí òtútù má bàa jáde. Búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́tùn-ún, búláńkẹ́ẹ̀tì lósì, agbádá ìgbéyàwó mi lẹ́yìn, a wá fún gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn pinpin bí ìgbà tí wọ́n di ọmọ tuntun. Èmi gan-an, kò sẹ́ni tó bò mí.

Iná padà dé lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo àdúgbò hó yè. A gbọ́ tí fírísà ń kùn, a dúpẹ́, a fi aṣọ sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ta ló mọ ìgbà tí wọ́n tún máa mú un lọ? Lọ́sàn-án àná, Ìyá Bọ̀dé ṣí ìdérí, ó figbe ta. Yìnyín ti ń di omi. Fírísà á ṣe “tá” báyìí, á tún dákẹ́. Ẹja kan wò mí lójú bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà òkun lọ́wọ́ mi. Mi ò lè purọ́ nínú ilé Ọlọ́run.

“Bàbá Bọ̀dé, mo gbé! Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ìyá ìjọ lọ́la?”

“Fara balẹ̀.”

“Ẹja ń yọ́, ẹ ní kí n fara balẹ̀!”

Ó pe Kàmọ́rù, injiníà tó ń tún fírísà ṣe ní Mushin. Kàmọ́rù ní òun wà ní Ìbàdàn, ọjọ́ Ajé lòun máa dé, ó sì jọ pé gáàsì ti jò tán. Ọjọ́ Ajé kẹ̀! Màmá Diakonẹ́ẹ̀sì, aládùúgbò wa tó jókòó síwájú yìí, tó ti sáré wọlé nígbà tó gbọ́ igbe, ní kì í ṣe gáàsì, àwọn ayé ni.

Mo ní èyí tó wù kó jẹ́, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà sí i. Wọ́n sì ti kọ́ wa nínú ìjọ yìí pé ara aláìsàn là ń gbé ọwọ́ lé, kì í ṣe aṣọ rẹ̀. Mo bá ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, mo fi lé ẹ̀gbẹ́ fírísà. Yéè! Ẹ lè dín àkàrà lára rẹ̀, kó tún jóná.

“Ó gbóná o!” mo kígbe.

“Àmín!” ni ìyàwó mi dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

“Èmi ò gbàdúrà, ó gbóná ni! Ibà ń ṣe é!”

Ibẹ̀ ni Ẹ̀mí ti là mí lójú. Ooru tí fírísà ń lé jáde nínú ẹja, ibo ló ń gbà? Ara ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. A sì ti fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí i nímú. Mọ́tò tó ń mú un ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, agbádá mi ló dí i lẹ́nu. Fírísà ò kú, ó ń làágùn ni!

Mo já gbogbo aṣọ kúrò, mo fa fírísà kúrò lára ògiri, mo yọ plọ́ọ̀gì. Ìyá Bọ̀dé káwọ́ lérí.

“Iná tí a ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ẹ wá lọ pa á?”

“Jẹ́ kó mí.”

Mo mú abẹ̀bẹ̀ tí mo máa ń mú wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń fẹ́ ẹ.

“Bàbá,” ni Màmá Diakonẹ́ẹ̀sì wí, “ṣé fírísà náà lẹ ń fẹ́ lábẹ̀bẹ̀?”

Mo ní tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ da búláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án Sùúrùlérè, ẹ ò ní béèrè.

Nígbà tí ara rẹ̀ tutù, mo ti plọ́ọ̀gì padà. Ó dákẹ́. Ó ṣe “tá”. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùùù, kò sì dákẹ́ mọ́! Ìyá Bọ̀dé dì mọ́ mi lójú àlejò. A tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ẹja ṣì le bí òkúta, torí búláńkẹ́ẹ̀tì kan náà ló bá wa pa òtútù mọ́ nígbà tí kò síná. Nígbà tí a pe Kàmọ́rù padà, ẹ̀rín ló ń rín.

“Bàbá, tí kò bá síná, ẹ bò ó. Tí iná bá ti dé, ẹ ṣí i. Ẹ má gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o.”

Ìyá Bọ̀dé, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọlọ́run ò jẹ́ kójú tì ọ́! Ẹja náà ló ń hó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, kò nígbàgbọ́. Ti Ọlọ́run ni gbogbo ògo. Ẹ dìde, ẹ bá wa jó. Àmọ́ ẹni tó fi búláńkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí fírísà láàárọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ pe ilé. Màmá Diakonẹ́ẹ̀sì, mo rí yín tí ẹ ń wá fóònù nínú báàgì. Ẹ pè wọ́n, Màmá. A ó dúró dè yín, ká tó jọ jó.