Abẹ́rẹ́ Kejì Tí Mo Fún Bámisọ

Òtítọ́ yìí gbọ́dọ̀ jáde, bí ó bá tilẹ̀ máa fa ètè mi ya. Ó ti pẹ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun kan nílé ìyá mi, tí mo sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi ru ẹ̀bi rẹ̀ títí ó fi ń bẹ̀rù orí ara rẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò tí ẹ ń káàánú rẹ̀, tí ẹ ń gbé ohùn sókè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé etí rẹ̀ di, ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Èmi ni kí ẹ wò.

Káfíńtà ni mí. Mo fi ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láìparí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lé mi. Pákó ló wù mí. Ẹ̀gbọ́n mi parí tirẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, òun ló rán ṣòkòtò mi. Ṣòkòtò náà dúró sókè ọrùn ẹsẹ̀ mi bí ti ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Bí àwọn èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín, dípò kí ó gbà pé òun ṣì mí wọ̀n, ó ní, "Ṣòkòtò ò kúrú o. Ẹsẹ̀ tó fi sá kúrò nílé ìwé ló gùn jù." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ìyá wa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, ó rò pé kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kò mọ irú ọmọ tí òun bí. Bí ẹnì kan bá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lónìí, tí mo bá tún pàdé rẹ̀ nígbà tí mo bá darúgbó, ẹsẹ̀ yẹn ni n óò kọ́kọ́ fà sẹ́yìn.

Nígbà tó yá, ìyàwó tèmi kú, ìyàwó tirẹ̀ náà kú, àwa méjèèjì sì padà sílé ìyá wa, òun pẹ̀lú maṣíìnì rẹ̀ ní pálọ̀, èmi pẹ̀lú pákó mi ní ẹ̀yìnkùlé. A ò sọ̀rọ̀. Ìyá wa wò wá títí, ó lọ gba ọmọ ológbò kan wálé, ó sọ ọ́ ní Bámisọ. Ó ní bí ẹnu àwa méjèèjì bá wúwo, ológbò yóò máa bá òun sọ ọ́. Àwàdà ló fi ṣe, àwa la sọ ọ́ di òótọ́. N óò dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, n óò ní, "Bámisọ, sọ fún ẹni tó wà nídìí maṣíìnì pé òrùlé ń jò." Ẹ̀gbọ́n mi kò ní gbójú sókè. Yóò ní, "Bámisọ, bi káfíńtà wò, ṣé télọ̀ ló ń tún òrùlé ṣe ni?" Ológbò náà yóò máa sùn ní tirẹ̀. Báyìí la ṣe gbé ilé náà ró. Báyìí náà la ṣe tọ́jú ìyá wa nígbà tí ìgbàgbé mú un, tó ń fi bàtà sínú fíríìjì, tó ń fi orúkọ bàbá wa pè mí. Kó tó kú, kò mọ èwo nínú wa ni ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó dun ẹ̀gbọ́n mi jù mí lọ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Bámisọ pé ohunkóhun ni kí Ọlọ́run fi ṣe òun, kó má ṣáà ti jẹ́ irú èyí.

Lẹ́yìn ikú ìyá wa ni ológbò náà bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Yóò mu, yóò tọ̀, yóò tún mu. Ó ń jẹun, ó sì ń rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn rọ, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀ bí arúgbó. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni, bí ti èèyàn gẹ́lẹ́. Ó kọ́ wa bí a ó ṣe máa fún un lábẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun, àti bí a ó ṣe máa yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò nínú ilé. Ó ní ilé ló dára jù láti wọ̀n ọ́n, torí pé ẹ̀rù ilé ìwòsàn nìkan lè mú kí ṣúgà ológbò fò sókè. Ó kìlọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan, ó sì tún kìlọ̀: "Bí kò bá dá yín lójú bóyá oògùn wọlé, ẹ má fún un ní òmíràn. Kí ṣúgà ga fún ọjọ́ kan kò ní pa á. Kó lọ sílẹ̀ jù ló ń tètè pani."

A pín iṣẹ́ náà láìjókòó pín in. Ẹ̀gbọ́n mi gba abẹ́rẹ́, torí pé abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Èmi gba wíwọ̀n. Ẹ má wo ọwọ́ mi tó rí bí ẹ̀ka igi yìí. N óò fi aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ mú etí rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè sún, n óò gún bèbè etí náà fínnífínní, n óò fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ṣúgà kan ẹ̀jẹ̀, n óò fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, n óò sì fún un ní ẹran adìyẹ díẹ̀. Nígbà tó pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá bá mi. Yóò gorí itan mi, yóò na etí sí mi bí oníbàárà tó fẹ́ gba ẹrù rẹ̀. N óò wá ka òǹkà náà sókè fún un, sí etígbọ̀ọ́ pálọ̀: "Bámisọ, ó ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti àná lọ." Ẹ̀gbọ́n mi yóò dá maṣíìnì dúró, yóò yí ìgò oògùn náà nínú àtẹ́lẹwọ́, yóò fa ìwọ̀n tí dókítà ní ká fún un, yóò sì fi sí i lábẹ́ awọ tí ológbò náà ò fi ní mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le padà. Kí n má purọ́ mọ́, àsìkò yẹn ló dùn jù nínú gbogbo ọdún tí mo lò nílé náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní aṣọ tó fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà. Mo wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń kan àga. Mo gbọ́ tó gbé ohùn sókè: "Bámisọ, mo ti wọ̀n ọ́, mo sì ti fún ọ lábẹ́rẹ́. Sọ fún káfíńtà kó má fún ọ mọ́ o." Ilẹ̀kùn dún, ó lọ. Òòlù dúró lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi dúró lé: mo gbọ́ ọ ketekete. Inú bí mi. Ta ló ní kó wọ̀n ọ́n? Tèmi ni wíwọ̀n. Ẹni tí kò lè wọn ẹsẹ̀ èèyàn ló wá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ológbò. Mo wọlé, mo gún etí náà, mo wo ẹ̀rọ. Òǹkà náà ga. Mo mọ̀ pé oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ rí ni mo rí. Mo ní inú irun ló da oògùn sí. Mo ní kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi, ológbò ló bá sọ̀rọ̀. Mo ti ń gbọ́ bí n óò ṣe sọ ọ́ nírọ̀lẹ́ pé àwọn kan ò mọ abẹ́rẹ́ gún. Mo ṣí fíríìjì, mo fa oògùn, mo sì gún un. Ó lá ọwọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe. Ọ̀daràn ni mí.

Kí ọ̀sán tó pọ́n dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Mo gbọ́ tó ń kígbe, "Bámisọ! Bámisọ!" Orúkọ ológbò ló ń ké, ṣùgbọ́n èmi ló ń pè. Mo sáré wọlé. Ológbò náà wà lábẹ́ maṣíìnì, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ kò fi òǹkà kankan hàn, àmì pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ ju ohun tó lè wọ̀n lọ ló fi hàn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé orí rẹ̀ dání, èmi ń fi ìka pa oyin sí èrìgì rẹ̀. Ọwọ́ wa kan ara wọn. Kò sí ẹni tó fà tirẹ̀ sẹ́yìn. A gbé e sínú agbọ̀n aṣọ, a sì sáré gbé e lọ.

Nígbà tí dókítà ti fi omi ṣúgà sí i lára tán, tó rí i pé ó ti ń mí dáadáa, ó kọjú sí wa, ó bèèrè bóyá ẹnì kan fún un lẹ́ẹ̀mejì. Àwòrán eyín ajá kan wà lára ògiri. Mo ń ka eyín ajá. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun rántí pé òun fún un kí òun tó jáde. Ó wò mí, ó ń retí. Mo padà sórí eyín ajá. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀: "Dókítà, ó lè jẹ́ pé mo fún un, mo gbàgbé, mo tún fún un. Bí ti ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Dókítà gbá a léjìká, ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti burú jù. Orí kunkun ló fún ológbò lábẹ́rẹ́ kejì, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo dúró níbẹ̀, ara mi le, ojú mi là, tí mo jẹ́ kí ọmọ ìyá mi gbé àìsàn tí kò ṣe é relé.

Bámisọ yè. Ẹ̀gbọ́n mi ni kò yè. Ó kó gbogbo oògùn síwájú mi, ó ní, "Bámisọ, sọ fún àbúrò mi pé kó máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ò ṣeé fọkàn tán mọ́." Láti ìgbà ṣòkòtò yẹn, káfíńtà ló máa ń pè mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn aṣọ, yóò tún un wọ̀n, yóò jókòó tì í láìlè gé e. Ó ń so òwú mọ́ ìka kó má baà gbàgbé iná. Ó ń dá aṣọ padà fún àwọn oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ kò sì gbàgbé ohunkóhun. Bí ẹ bá bi í, yóò sọ ìwọ̀n àyà gbogbo ọkùnrin àdúgbò yìí fún yín láìwo ibì kan. Mo ní kò burú, yóò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà tó bá yá. Ẹ gbọ́ ìrònú mi: mo ń retí kí ẹni tó ń bẹ̀rù ìgbàgbé gbàgbé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìbínú pamọ́ bí ẹni ń fi ẹran pamọ́. Ó ń rà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ pé òun ń bọ̀ wá mú un lọ sílé òun, kó má máa gbé mọ́ níbi tó ti lè fi iná sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra maṣíìnì ti wá wò ó. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ lọ, ó ń fi aṣọ nu maṣíìnì náà bí ẹni ń wẹ ọmọ. Èmi jókòó, Bámisọ wà lórí itan mi, ó na etí. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó ní, "Bámisọ, ó dìgbà o. Gbọ́ràn sí àbúrò mi lẹ́nu. Kò ní gbàgbé oògùn rẹ. Òun kì í gbàgbé nǹkan kan."

Mo ya ẹnu. Mo ní, "Bámisọ, sọ fún un pé..." Ológbò náà gbójú sókè wò mí, ó yán, ó sì fi ẹnu ti ọwọ́ mi pé ẹran òun dà. Mo gbé e sílẹ̀. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ lórí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀, mo sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Mo gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo gbọ́ tí ẹ ní ẹ ti fún un."

Aṣọ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta maṣíìnì. Kò sí ohun tó ṣe orí yín. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ fún un. Èmi ni mo fún un lẹ́ẹ̀kejì."