Mo Pa Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ọjọ́ Ọjà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọjọ́ kẹrin rèé tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti wà lórí fóònù mi tí mi ò lè dá a lóhùn. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò! Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ ti lọ, ilé sì dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ta ni mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ìlọ́bù níbí ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi, ará Ìfọ́n ni wọ́n fẹ́. Irú ni wọ́n ń tà. Ọjà Ìlọ́bù, ti Ìfọ́n àti ti Ẹ̀rìn ni wọ́n ń ná, ọjọ́ wọn ò sì bára mu. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti ru irú dé ọjà tó ṣófo! Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣeré, mò ń fi ìwé kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń kọ ètò sínú rẹ̀. Mo bá kọ ọ̀kan fún wọn. Ẹ kàn fi orúkọ ìlú ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan, ẹ̀rọ á dáhùn pé, "Ẹ kú ìmúra o. Ọ̀túnla ni ọjà." Inú wọn dùn débi pé gbogbo oníirú ni wọ́n sọ fún.

Àfi bí ìjà ilẹ̀ ṣe dé sáàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ wá sọ́dọ̀ mi. Mo ro ohun tí aládùúgbò máa sọ, mo ní, "Ẹ má tíì wá ná." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò bínú o. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì pa fóònù. Nígbà tí ìlú rọ̀, mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́, mo bá fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ìfọ́n tí ọ̀kadà ń gbé èèyàn dé kí omi tó hó! Ojú ń tì mí, mo sì jẹ́ kó máa tì mí títí ó fi di ọdún gbọọrọ.

Fóònù ńlá wá gbòde. Kọ̀ǹpútà mi gbó, àwọn tuntun ò sì mọ irú ètò tí mo kọ mọ́. Nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ku nọ́ńbà kan péré tí mi ò mọ̀, Ìlọ́bù nìkan ló sì ń béèrè, lọ́rọọrún. Mo ní ta ni ọ̀lẹ tí ò lè ka ọjọ́ márùn-ún yìí? Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ki síìmù rẹ̀ bọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì mi kó má baà ṣòfò.

Kò pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Ìlọ́bù." Mi ò dáhùn. Ní ọrún tó tẹ̀ lé e, "Ìlọ́bù." Mi ò dáhùn. Ìkẹta ní, "Àjọkẹ́, ṣé kò sí nǹkan?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi oríkì pè mí láyé yìí. Láti ìgbà ìjà, ẹ̀gbọ́n mi ò tẹ ọjà Ìlọ́bù mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ ọjà wa ṣe? Bí ẹ̀rọ bá ṣáà ti dáhùn, wọ́n mọ̀ pé mo ṣì wà láyé. Mo sunkún bí ọmọdé.

Ṣé mo wá pè wọ́n? Rárá o. Mo ka ọjọ́ lórí ìka, mo tẹ ohun tí ẹ̀rọ máa ń sọ: "Ẹ kú ìmúra o. Ọ̀túnla ni ọjà." Bí wọ́n ṣe ń béèrè ni mò ń dáhùn bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi di ẹ̀rọ. Àfi ìgbà kan tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó béèrè, tí mo sì ṣì í kà. Ọjọ́ ọjà gan-an ni mo kọ ọ́ pé ọ̀la ni. Èsì wọn dé kíá:

"Ẹ̀rọ yẹn ò ṣì í kà rí. Àjọkẹ́, ṣé ìwọ ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé èmi ni, kí n má sọ ibi tí mo wà láti ọjọ́ yìí? Ọ̀la ni ọjà Ìlọ́bù, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọn ò bá wá béèrè mọ́ ńkọ́?