Bíréèkì Tí Káyọ̀dé Fà Gbẹ̀yìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ọmọ mi wà nínú ilẹ̀ ní ìlú London níbí, èmi tí mo bí i kò sì mọ ojú oórì rẹ̀. Bí ẹ bá mú mi débẹ̀ lónìí, mo lè gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ láìmọ̀. Ẹkún ti gbẹ lójú mi. Mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ ní ilé ìdáná iléèwé, mò ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n mi ò mọ adùn, mi ò mọ ìkorò. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Èmi ò tilẹ̀ rí ẹ̀rín náà rín. Ọkọ mi bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò rí èsì fọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dà yín láàmú.

Káyọ̀dé ni àkọ́bí mi. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ní Heathway. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wa mọ́tò rẹ̀ kékeré dé, ó gbé e sí iwájú ilé wa, ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè, ó wọlé, ó ní, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi." Mo ní kó jẹun, kó lọ sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọmọ mi ti lọ. Àwọn dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àbí kí ni èèyàn tún ń sọ?

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ. Àbúrò ọkọ mi tó ń gbé ní Longbridge ló kó àwọn àgbà ìjọ àti àwọn ọ̀dọ́ jọ, àwọn ló lọ sin ín. Àwọn ìyá ìjọ jókòó tì mí nínú ilé, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọn ò jẹ́ kí n yọjú wo òde. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi bóyá apá ọ̀tún ni wọ́n gbé e gbà tàbí apá òsì. Wọ́n ní ojú òbí kì í rí ojú oórì ọmọ, pé bí ó bá rí i, òmíràn lè tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ Títí nìkan ló kù fún mi. Mo gbà. Ta ni èmi tí màá fi ní kò rí bẹ́ẹ̀? Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọn ò ti pè mí ní Mọ́mì Káyọ̀dé mọ́. Mọ́mì Títí ni wọ́n ń pè mí báyìí, wọ́n á sì yára wo ilẹ̀ bí wọ́n bá ti pè é tán.

Mọ́tò náà ò kúrò níwájú ilé. Òjò pa á, yìnyín pa á, táyà ẹ̀yìn méjèèjì dì pinpin. Nígbà mìíràn, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá wọ inú rẹ̀, màá jókòó, màá máa wo bíréèkì tó fà sókè yẹn. Wọ́n ti ká bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀, fóònù rẹ̀ pàápàá ti kú. Bíréèkì yẹn nìkan ló ṣì wà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí wọ́n á ní orí mi ti ń yí.

Nígbà tó yá, Títí ríṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan tó jìnnà, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ máa lo mọ́tò ẹ̀gbọ́n òun. Ọkọ mi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó di pé ó wá ń fọ ọkọ̀ ojú irin níbí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní wáyà bíréèkì ọwọ́ ló ti dípẹtà nínú rọ́bà rẹ̀ lẹ́yìn, òun ló di àwọn táyà náà mú. Ó ra tuntun. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó fi jáàkì gbé ìdí mọ́tò sókè, ó fi irin tì í kó má baà já lé e lórí, ó tú táyà méjèèjì, ó wá pè mí. Ó ní kí n jókòó síwájú, kí n sọ bíréèkì sílẹ̀ kí òun lè yọ wáyà àtijọ́. Mo lè kọ̀ o. Mi ò kọ̀. Mo tẹ orí rẹ̀, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo rò pé nǹkan kan á ṣe mí. Nǹkan kan ò ṣe mí. Ó kàn wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́, ó sì parí.

Ó pẹ́ kó tó rí ti àtijọ́ yọ. Mò ń gbọ́ bí irin ṣe ń kan irin lábẹ́ mi. Nígbà tó ti ki tuntun bọ̀ ọ́, ó ní kí n máa fà á, kí n máa tú u, kí òun lè mọ ibi tí òun á fún un dé. Mò ń fà, mò ń tú. Ó wá sọ̀rọ̀ láti abẹ́ mọ́tò.

"Mọ́mì Káyọ̀dé, mo mọ ojú oórì ọmọ wa."

Ó ní òun rọ àbúrò òun títí ó fi mú òun débẹ̀. Gbogbo Sátidé tó ń sọ fún mi pé òun ń lọ ṣe ófátáìmù, ibẹ̀ ló ń lọ. Á fa koríko, á jókòó, á padà wálé. Mo mọ ọkọ mi, kò lè wo ojú mi kó sọ ọ́, ìyẹn ló ṣe dúró títí ó fi wà lábẹ́ mọ́tò.

"Fà á," ni ó tún wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Mo fà á. Ó ní ó ti dì í mú.

Inú bí mi o! Àwa méjèèjì ni wọ́n ní ká má wò ó. Òun lọ wò ó, ó padà wá jẹ ọbẹ̀ mi, ó sùn tì mí, kò wí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìlara ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú náà ò pẹ́ tó fi lọ, ara mi sì tún kú tipiri. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní ká fi mọ́tò náà lọ síbẹ̀, àwa méjèèjì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ọbẹ̀ tí mo gbé kaná." Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná. Ó mọ̀, ó kàn mi orí.

Kò purọ́ ófátáìmù fún mi mọ́. Bó bá di Sátidé, á wọ kóòtù, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bóyá màá dìde, lẹ́yìn náà á lọ síbi bọ́ọ̀sì, torí Títí ló ń lo mọ́tò náà báyìí. Bí mo bá lọ, tí nǹkan wá ṣe Títí, ta ni màá bi? Bí mi ò bá sì lọ, ṣé ó dáa kí ọmọ mi sùn síbẹ̀ kí ìyá rẹ̀ má yà wò ó láéláé? Ní Sátidé tó kọjá, ọkọ mi sọ fún mi pé wọn ò tíì gbé òkúta sí orí rẹ̀. Wọ́n ti bi òun ní ohun tí wọ́n á kọ sí i, òun sì ní kí wọ́n ní sùúrù, ìyá rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Ó wá bi mí pé kí ni ká kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbà mí níyànjú. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ọmọ ló sì ń kọ ti ìyá rẹ̀ sórí òkúta. Kí ni ìyá ń kọ?