Ewé Tó Wà Nínú Àpótí Màmá Kì Í Ṣe Ti Bọ́lá

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ọ̀la ni àṣírí mi máa tú, n kò sì mọ ibi tí mo máa sá gbà.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi là ń gbé ní Kàbà. Bọ́lá, àbígbẹ̀yìn wọn, ló gbin ewé kékeré kan tó ní ilà pupa sínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀. Ó kọ́ wa pé tí gíláàsì bá ti ń làágùn jù, ká ṣí ìdérí díẹ̀ kí ewé lè mí, ká má sì gbé e síbi tó gbóná. Lẹ́yìn náà ni Bọ́lá ṣàìsàn, ó sì kú, ewé yẹn nìkan ló kù fún Màmá.

Ojú Màmá ti ṣú nígbà yẹn, nǹkan funfun ti bò ó. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ti ọwọ́ bọ inú àpótí náà, wọ́n á ní, "Bọ́lá, okun o."

Ọyẹ́ èṣí mú gan-an, ètè gbogbo wa là. Màmá lọ kí àbúrò wọn ní Iffe, wọ́n fi àpótí náà sí mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, n kò gbèrò ibi. Irú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ni mò ń ṣe tà. Ohun tí mo mọ̀ nídìí irú ni pé kéèyàn dì í, kó bò ó, kó gbé e síbi tó móoru, á sì dáa. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ihò ìdérí nítorí eruku, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àpótí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Nígbà tí mo rí omi lára gíláàsì, mo tún ń yọ̀, mo rò pé ara rẹ̀ ti ń yá.

Ọjọ́ tí mo ṣí i, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi. Ewé ti jẹrà, nǹkan funfun bí òwú ti bo iyẹ̀pẹ̀. Mo sunkún títí.

Mo lọ wú ewé mìíràn létí odò ní Odo-Ape. Kò ní ilà pupa, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí Màmá dé, wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín: "Ewé yìí ti ki sí i. Bọ́lá mi ń dàgbà."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá báyìí, ọ̀la ni wọ́n máa tú báńdéèjì. Wọ́n ní ilà pupa ara ewé Bọ́lá ni àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí. "Ìwọ ni kó o gbé e dúró níwájú mi," ni wọ́n sọ fún mi.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá lé mi, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ọmọ wọn ti kú lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ kó tún kú lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún wọn nígbà tí ojú wọn ṣì wà ní dídì, àbí kí n gbé àpótí náà lọ, kí ohun àkọ́kọ́ tí Màmá máa fi ojú wọn rí jẹ́ irọ́ mi?