Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Ọ̀pádòkun Fi Òwú Wọ̀n

Ní ayé àtijọ́, kí páànù tó mọ ọ̀nà ìlú yìí, nígbà tí koríko bẹẹrẹ ṣì ń bo orí ọba àti orí tálákà, baba ńlá wa Ọ̀pádòkun ń hun aṣọ òfì. Ẹ sún mọ́ mi. Ládiméjì, fi okùn ìwọ̀n yẹn sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ ń bọ̀.

Ẹ mọ̀ pé òwú òfì gùn. Ìta gbangba ni gbogbo ahunṣọ ń nà án sí, wọ́n á fi òkúta fà á le. Bí òjò bá ti ṣú, wọ́n á ká a, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ọ̀pádòkun ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lòun yóò ṣe. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, kò fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Òwú ló nà, láti ìdí òfì dé ìdí òkúta, ibi tí òwú dé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé. Ó ri òpó mẹ́rìndínlógún mọ́lẹ̀. Ó mọ ògiri, ó mọ ògiri, amọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó kan yàrá. Yàrá kan ṣoṣo! Àwọn aládùúgbò bi í bóyá òjòlá ló fẹ́ máa sìn níbẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó dun baba wa. Ó ń fẹ́ Àwẹ̀ró, àwọn ahunṣọ méjì mìíràn náà sì ń fẹ́ ẹ. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Baba Àwẹ̀ró wá wolé, ó rí yàrá kan, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé aṣọ ìyàwó dé kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun ni yóò fẹ́ ọmọ òun.

Ni òjò bá dé. Ó rọ̀ lónìí, ó rọ̀ lọ́la, ó rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Àwọn méjì yòókù ká òwú, wọ́n jókòó ti iná. Ọ̀pádòkun ń hun, òjò ń rọ̀. Òjò ń rọ̀, Ọ̀pádòkun ń hun. Ibi tí bẹẹrẹ bá ti jò, á gbé ìkòkò sí i, á padà sídìí òfì. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, ó gbé aṣọ dé. Baba Àwẹ̀ró fọwọ́ pa á, ó gbẹ táútáú. Ó tẹ̀ lé e wá síbí, ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí dé òpin, ó tún rìn ín padà.

Ó ní, “Ọ̀pádòkun, ilé tí mo rò pé yàrá rẹ̀ kò tó ló wọṣọ fún ọmọ mi. Àna mi ni ọ́.”

Bí mo bá dé ibí yìí, inú mi a máa dùn bíi pé èmi gan-an ni wọ́n fún láya.

Ìdí nìyẹn tí ìyàwó ilé yìí kì í fi wọ yàrá lọ́jọ́ tó bá dé, àfi bó bá kọ́kọ́ fa òwú láti òpó àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Bí òwú bá dé ibẹ̀ láìkan ògiri, a ó hó yèè. Ìyá tó bí mi fà á. Ìyá tó bí yín fà á.

Ládiméjì, oṣù tó ń bọ̀ ni ìyàwó tìrẹ ń bọ̀. Ògiri ṣọ́ọ̀bù tí o fẹ́ mọ sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ibo lo fẹ́ kó fa òwú rẹ̀ gbà?